CV kì í ṣe Oríkì: Àgbéyẹ̀wò Ìkọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì ní Sùúrùlérè

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní kíkọ CV, ìyẹn ìwé tí ẹni tí ń wáṣẹ́ fi ń sọ ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ó ti ṣe. Nínú ìlànà ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ wà níbẹ̀, àròkọ alárìíyànjiyàn wà níbẹ̀. CV kò sí. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọ, ojú àánú ni ó fi ń ṣe é, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni yóò sì kọ sójú pátákó: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn, ilé-ìwé tí a lọ, àti àwọn tí yóò jẹ́rìí ẹni.

Kí ẹ̀kọ́ náà lè yé ọmọ, àwọn kan nínú wa a máa sọ pé oríkì òde òní ni CV. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n àbùkù wà lára rẹ̀. A lè ki ọmọ tuntun tí kò tí ì ṣe ohun kan láyé, nítorí pé orílẹ̀ àti ìṣe àwọn baba ńlá rẹ̀ ni a fi ń kì í. Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń béèrè ni pé, kí ni ìwọ fúnra rẹ lè ṣe? (Ká má purọ́, àwọn kan ń béèrè orílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí á fi kọ́ ọmọ.)

Ọmọ ọdún 17 tí ń gbé nítòsí Ojúẹlẹ́gba, tí kò mọ̀ bóyá owó yunifásítì yóò wà, lè ti máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún fóònù ṣe fún ọdún 2. Àbúrò rẹ̀ obìnrin lè máa ṣírò owó ọjà ìyá wọn ní alaalẹ́. Bí wọ́n bá kọ CV tán, ẹ ó rí ẹ̀sìn wọn níbẹ̀, ẹ kò ní rí iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, onítọ̀hún a fi kún un pé wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún ẹni tí ó wá lánàá.

Ìjọba kò ṣàìmọ iyì iṣẹ́ ọwọ́. Ní 2011, ètò-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan, ó kéré tán. Àtúnṣe 2025 dín in kù sí 6, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe sì wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó dá ètò Ready.Set.Work sílẹ̀ ní 2016 láti múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní ọdún àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n fojú sùn. Ọmọ tí ó parí sí girama ńkọ́?

Ní èrò tiwa, ìbéèrè ni kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀: kí lo máa ń ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé? Láti ìgbà wo? Ọmọ tí ó bá dáhùn pé òun kàn ń ran ọ̀gá òun lọ́wọ́ ni, kí á tún bi í: ṣé o lè pààrọ̀ ojú fóònù bí ọ̀gá kò bá sí nílé? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú CV rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá náà ni kí ó sì jẹ́rìí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tí kò dá a mọ̀.