Ta Ni Àjẹ́ Nínú Àwòrán Goya?

Ní 1799, Francisco Goya, ayàwòrán ààfin ọba Sípéènì, gbé 80 àwòrán jáde, ó pè wọ́n ní Los Caprichos. Orí bàbà ló fín wọn sí, tó fi ásíìdì jẹ ẹ́, kó tó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Àjẹ́ àti iwin pọ̀ nínú wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ń ṣe dókítà níbẹ̀, òmíràn ń wo ìwé ìran rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni gbogbo wọn. A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í bi í pé ta ló ń bá wí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká gbé méjì síra wọn.

Nínú àwòrán 68, arúgbó obìnrin àti ọ̀dọ́bìnrin kan gun ìgbálẹ̀ ní ìhòòhò, òwìwí ń fò lókè wọn. Goya ń fi irú ìgbàgbọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé Ṣàpọ́n lónìí, wọn ò ní rẹ́rìn-ín o. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Òyìnbó náà mọ̀!" Àwa la ṣáà ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ. Ibi tí iṣẹ́ náà kù sí nìyẹn: ẹni tó fẹ́ fi ìbẹ̀rù ṣe ẹ̀fẹ̀ lè máa bọ́ ìbẹ̀rù náà sanra.

Àwòrán 24 ò ní àléébù yẹn. Kò sí iwin níbẹ̀. Obìnrin kan ni wọ́n gbé gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n bọ́ aṣọ àyà rẹ̀, wọ́n dé e ní fìlà gogoro tí ilé-ẹjọ́ ìjọ Àgùdà, Inquisition, máa ń dé fún ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Ẹ wá wo ojú èrò tó yí i ká. Àwọn gan-an ni iwin. Lójú tèmi, òun ló lágbára jù, torí kò sẹ́ni tó lè ṣì í kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní 1950 sí 1951, àwọn Atinga gba Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tó wà lábẹ́ Ẹkùn Abẹ́òkúta nígbà náà, wọ́n ní àwọn ń wá àjẹ́. Bí adìẹ tí wọ́n dú bá ṣe kú ni wọ́n fi ń dájọ́ obìnrin, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, kó tó wá kọjú sí olè, alágbèrè àti òǹrorò. Ìwà tí ènìyàn hù ló ń bá a wí, kì í ṣe ewú orí rẹ̀.

Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn pe ẹnìkejì rẹ̀ ní àjẹ́. Síbẹ̀, nínú fíìmù wa, ìyá arúgbó ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù, nígbà míì tí wọ́n bá ká ìyá kan mọ́ àárín ọjà nínú ìtàn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí kámẹ́rà sí ojú àwọn tó ń sọ òkúta.