Ọwọ́ Olùkọ́, Ọwọ́ Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò Eré "The Oregon Trail"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mu wẹ́kú. Olùkọ́ mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti máa ń há akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fun, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í pàṣẹ fún ẹ̀rọ; onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: bí àwọn méjèèjì bá pawọ́ pọ̀, ṣé iṣẹ́ ti pé náà nìyẹn? Eré kọ̀ǹpútà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, "The Oregon Trail", ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1971, Don Rawitsch, akẹ́kọ̀ọ́ ní Carleton College ní ìpínlẹ̀ Minnesota, wà lẹ́nu ìfikọ́ra iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Minneapolis. Ìtàn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ tí ó kàn án ni ti àwọn tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́-ẹrù tí akọ màlúù ń fà rin ìrìn bí 2,000 máìlì láti Independence ní Missouri lọ sí Oregon ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ti ń ya àwòrán ilẹ̀ sórí pépà láti fi ṣe eré bí ayò nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń gbé, Bill Heinemann àti Paul Dillenberger, rí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni àwọn yìí ń kọ́, wọ́n sì mọ bí a ti í kọ ètò kọ̀ǹpútà. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, eré orí pépà di eré orí ẹ̀rọ, àwọn ọmọ kíláàsì sì kọ́kọ́ ṣe é ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún náà. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ẹ̀rọ ọ̀hún ní ojú bíi ti tẹlifíṣàn o. Orí pépà ni ó ń tẹ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yìn nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò béèrè ọdún àti orúkọ lọ́wọ́ ọmọ. Ìpinnu ni ó ń béèrè. Nínú ètò náà bí a ti tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Creative Computing ní 1978, 900 dọ́là ni arìnrìn-àjò tù jọ. Ó ti fi 200 ra kẹ̀kẹ́. Nínú 700 tí ó ṣẹ́ kù ni yóò ti ra màlúù, oúnjẹ, ọta ìbọn, aṣọ àti oògùn. Ẹni tí ó bá ṣahun lórí aṣọ, òtútù orí òkè yóò bá a wí. Ìwé ìtàn lè sọ fún ọmọ pé ènìyàn kú lójú ọ̀nà; eré yìí a máa jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Èkejì ni bí ìmọ̀ olùkọ́ ṣe wọnú ìṣirò ẹ̀rọ. Rawitsch ti tẹ ètò náà sórí pépà kí ó tó pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ ní ìparí sáà. Ní 1974 ó gba iṣẹ́ sí MECC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Minnesota ní 1973 láti mú kọ̀ǹpútà dé ilé-ẹ̀kọ́. Ó tún ètò náà tẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ, ó sì ka ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn tí wọ́n rin ìrìn náà gan-an, kí àìsàn, òjò àti ìjàǹbá lè máa ṣẹlẹ̀ nínú eré bí wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Níhìn-ín, a kò lè ya iṣẹ́ olùkọ́ kúrò lára iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ mọ́.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kì í wo ẹwà nìkan. Bí ọmọ bá fẹ́ pa ẹran, ó ní láti tẹ "BANG" kíákíá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti yá tó ni ẹran rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ìka tí ó yá ni eré ń san èrè fún níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n ìtàn. Ohun tí ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti wọ̀n ni ó gba ipò ohun tí ó yẹ kí ọmọ kọ́.

Àbùkù kejì ni ó wúwo jù. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí òyìnbó bá níbẹ̀ wà nínú eré náà lóòótọ́: nígbà mìíràn wọn a fi ibi tí oúnjẹ wà han àlejò, àwọn ẹlẹ́ṣin kan tún wà tí ọmọ ní láti pinnu bóyá ọ̀tá ni wọ́n. Síbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà lásán ni wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú ìṣirò. A kò sọ pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà jẹ́ ènìyàn búburú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni kò sí níjòkòó. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Gameloft gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní 2021 ni wọ́n pe àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Àádọ́ta ọdún ti kọjá.

Kí ni èyí kọ́ àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá? Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ka àmì sí ọ̀ṣọ́ lásán. Ṣùgbọ́n olùkọ́ pàápàá kò pé. Bí èmi àti onímọ̀ ẹ̀rọ bá jókòó ti Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan, ètò wa yóò fún ọmọ Ìgbómìnà tàbí ọmọ Òwòrò ní òdo nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Onílé ni ó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Ó yẹ kí a pè é kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, ní tèmi, iṣẹ́ ńlá ni "The Oregon Trail", ó sì tọ́ sí ìyìn, nítorí pé ìṣòro kíláàsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjà ẹ̀rọ. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rántí pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò tíì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a tọ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ pẹ̀lú ìṣòro kíláàsì wa lọ́wọ́, kí a sì mú àwọn tí wọ́n ni ìtàn àti èdè dání.