Ọ̀tún àti Òsì Nínú Ogun Orí Tábìlì

Ní 1824 ni von Reisswitz, ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Prussia, tẹ ìlànà eré ogun tí a ó máa fi kọ́ àwọn olórí ogun jáde. Nígbà tí H. G. Wells tẹ ìwé Little Wars ní 1913, ó gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé. Lónìí, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ a máa kun ère ọmọ-ogun kéékèèké ní ọ̀dà, wọn a tò wọ́n sórí tábìlì tí ó ní òkè àti igbó, wọn a sì da dáìsì láti mọ ẹni tí ọta bà.

Ogun Asante wà lára àwọn tí wọ́n ń fi ère jà báyìí, pàápàá èyí tí ó wáyé láàárín 1873 àti 1874. Ṣùgbọ́n ogun náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1824 gan-an ni àwọn Asante pa gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, Charles MacCarthy, ní Nsamankow. Ní 1826, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Ga àti àwọn mìíràn ṣẹ́gun Asante ní Katamanso. Láti Circle, oríta ńlá Accra tí ó ń jẹ́ orúkọ Kwame Nkrumah, Katamanso kò tó 40 kìlómítà. Eré orí pátákó tí ó gbajúmọ̀ ní ìgboro Accra ni dráfù, tí wọ́n ń pè ní dame. Ọmọ dame kò sì ní ìlú, kò ní orúkọ. Fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ Circle mọ ogun tí ó jà nítòsí ilé rẹ̀, ère tí a kùn lè ṣe ohun tí dame kò lè ṣe.

Èdè ni àléébù rẹ̀. Ìwé òfin eré nípa ogun amúnisìn sábà máa ń fi ètò sí ọ̀dọ̀ òyìnbó, a sì fi ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ tí kò létò sí ọ̀dọ̀ ọmọ ìbílẹ̀. Èyí kò bá ìtàn mu. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Asante ní Adonten ní àárín, Nifa lọ́wọ́ ọ̀tún, Benkum lọ́wọ́ òsì, Kyidom lẹ́yìn, àti àwọn akwansrafo tí ń ṣe amí. Títí di òní, Nifahene àti Benkumhene jẹ́ orúkọ oyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn ní Ọ̀tún Balógun àti Òsì Balógun. Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n èdè kò jẹ́ kí ìtò rẹ̀ parun. Ère tí a kùn dáradára, tí a kò fi orúkọ wọ̀nyí pè, aṣọ nìkan ni ó fi hàn.

Àléébù kejì ni pé òṣèré dúró lókè tábìlì, ó ń rí ohun gbogbo. Reisswitz ti wá ojútùú sí èyí: onílàjà nìkan ni ó mọ ibi tí ìhà méjèèjì wà, ohun tí ó bá sì yẹ kí olórí ogun rí nìkan ni ó ń fi hàn án. Ọ̀pọ̀ eré òde òní ti pa èyí tì. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni èrè olùkọ́ èdè wà. Bí olórí ogun kò bá rí pápá, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ amí gbọ́dọ̀ fi Twi tàbí Yorùbá ròyìn ibi tí ọ̀tá wà, iye wọn àti ọ̀nà tí wọ́n gbà. Bí ìròyìn rẹ̀ kò bá yéni, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pàdánù. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀dà lè ṣákìí. Ọ̀rọ̀ ni kò gbọdọ̀ ṣìnà.