Ẹ̀tọ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀: Èéfín Ògijo àti Ìwé Tó Wà Lọ́wọ́ Ìjọba

Àwọn àgbà wa ní òwe kan lórí òjé. Wọ́n ní, "Wọ́n ti fi òjé bọ baba olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ." Ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Ọbàtálá ni òwe yìí ń tọ́ka sí: bí ó bá ti wọlé, ó di ti títí ayé. Ní ilẹ̀ Likosi lónìí, òjé kò dúró lọ́rùn ọwọ́ mọ́. Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, ó sì ti ń wá ibùgbé nínú egungun, níbi tó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbéèrè òwe náà ṣì wà níbẹ̀: ta ni yóò bọ́ ọ? Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tó ṣáájú rẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: ta ló mọ̀ pé òjé ti ń wọlé, níbo sì ni ìwé tó fi mọ̀ ọ́n wà?

Ògijo ni ìlú tó gbajúmọ̀ jù ní Likosi, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù. Nítorí pé ó súnmọ́ Èkó, iléeṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Lára wọn ni àwọn tí ń ra bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó o lọ sí òkè òkun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń ké lórí èéfín tí ń wọ yàrá wọn lóru àti eruku dúdú tí ń bà lé òrùlé àti ewébẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn The New York Times àti àwọn akọ̀ròyìn The Examination gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Àádọ́rin ènìyàn tí ń gbé tàbí tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn iléeṣẹ́ náà ló yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó léwu. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ tipẹ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tó dára fún ara, àti pé ọpọlọ ọmọdé ló ń bàjẹ́ jù.

Iṣẹ́ rere ni àwọn akọ̀ròyìn wọ̀nyí ṣe, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú ìyìn náà. Ṣé ó yẹ kí ará Likosi dúró de ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kó tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀? Iléeṣẹ́ kì í hù bí olú. Òfin àyẹ̀wò àyíká wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1992. Ó ní kí a ṣe àyẹ̀wò kí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí a fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn, kí ìpinnu ìjọba wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè rí i kà. Àjọ NESREA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007, ló ń mójú tó òfin àyíká káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní àjọ tirẹ̀, OGEPA. Níbi tí àjọ wà, ìwé wà: ìwé àṣẹ, ìwé àbẹ̀wò, ìwé ìkìlọ̀, àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ àti omi. Bí ìwé wọ̀nyí bá wà, ti àwọn ará ìlú ni. Bí wọn kò bá sì sí, àìsí wọn gan-an jẹ́ ìròyìn tó yẹ kí ìlú gbọ́.

Ní ọdún 2025 kan náà ni ìjọba ti díẹ̀ lára àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí pa, tí wọ́n sì tún padà ṣí. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn sílẹ̀ ná, ká béèrè ohun kékeré kan péré. Ohun tí àwọn aláṣẹ rí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn pa gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ohun tó yí padà tí wọ́n fi ṣí i gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú. Ìwé méjì yẹn ni ó yẹ kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mí èéfín náà lè di mú. Nǹkan méjèèjì kò ju bébà díẹ̀ lọ.

Òfin tó fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn wà. Òun ni òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FOI. Àwọn tó jà fún un bẹ̀rẹ̀ láti ayé ológun. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ògùn tiwa, kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní 2007. Ààrẹ Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011. Òfin náà kò gùn. Ó ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún iléeṣẹ́ náà láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Bí ìwé náà bá wà lọ́dọ̀ àjọ mìíràn, kí wọ́n fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí abala òfin tí wọ́n dúró lé. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, iléeṣẹ́ ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun jàre.

Bí òfin bá dára tó báyìí, kí ló dé tí èéfín fi ṣáájú ìwé dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ògijo? Mo rí ìdí mẹ́ta, ẹ̀bi mi sì pín kiri.

Ìdí àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ àwa ará ìlú. Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni a máa ń kọ. A ó kọ ọ́ pé, "Àwa ọmọ yín ń fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín kí ẹ ṣíjú àánú wò wá." Ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ ìdáhùn. Ẹni tí a bẹ̀ lè ṣàánú, ó sì lè má ṣàánú. Kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ẹ wá fi wé èyí: "Ẹ jọ̀wọ́, lábẹ́ òfin FOI ti ọdún 2011, ẹ fún wa ní ẹ̀dà àbájáde gbogbo àyẹ̀wò ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ẹ ṣe ní Ògijo láti ọdún 2020 títí di òní." Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́" kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà á ni aago ti ń ka ọjọ́ méje. Ìwé àkọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lé ọkàn aláṣẹ lọ́wọ́. Èkejì fi lé òfin lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé béèrè-béèrè kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí níwájú àgbà. Wọ́n gbàgbé pé àwọn àgbà kan náà ló sọ pé abèèrè kì í ṣìnà.

Ìdí kejì wà lọ́dọ̀ àwọn ọ́fíìsì. Òfin nípa àṣírí ìjọba tó wà láti 1962 ti kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wa pé fáìlì ni a ń pamọ́, kì í ṣe ohun tí a ń fi han ará ìta. Nígbà tí FOI dé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní kò kan àwọn, pé ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni. Ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Ẹdó ló yanjú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú kan béèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ àjọ tí ń gbógun ti àrùn éèdì níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà dá wọn láre, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn lẹ́bi, wọ́n sì lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ yẹn sọ ọ́ kedere pé òfin FOI de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Nítorí náà OGEPA kò lè sọ pé kò kan òun. Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù náà kò lè sọ ọ́. Àwáwí kejì tí a máa ń gbọ́ ni pé àṣírí òwò iléeṣẹ́ ni. Òfin náà dáàbò bo àṣírí òwò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlera, ààbò tàbí àyíká, tí àǹfààní ará ìlú sì ju àdánù oníṣòwò lọ, kí a tú u síta. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣe àṣírí òwò ẹnikẹ́ni.

Ìdí kẹta wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ sí i fún ẹni tó bá kọ̀ láìtọ́ ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà; iye yẹn kò lè dẹ́rù ba iléeṣẹ́ ìjọba kankan mọ́. Kò sí àjọ kan pàtó tí a lè sáré lọ bá láìgba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ sì ń fẹ́ owó àti sùúrù. Ẹjọ́ Ẹdó yẹn ti wà níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ láti 2014. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá kí ìdájọ́ tó jáde. Òfin ní ọjọ́ méje, ilé-ẹjọ́ ní ọdún mọ́kànlá. Ọpọlọ ọmọ tí òjé ń jẹ kì í dúró de èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ìwé wo ló lè fọ ẹ̀jẹ̀?" Òótọ́ ni, bébà kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara, láti ọdún 2010, òjé láti inú iṣẹ́ wíwa góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Wọ́n fọ ilẹ̀ àwọn abúlé kan mọ́, ṣùgbọ́n Bagega ń dúró nítorí owó tí ìjọba ṣèlérí kò dé. Àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní gbangba pé níbo ni owó náà wà. Ní 2013, owó jáde, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní Owino Uhuru, nítòsí Mombasa ní Kẹ́ńyà, iléeṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì bíi ti Ògijo ló ba àdúgbò jẹ́. Phyllis Omido, tó ń ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ náà, rí i nínú ìwé àyẹ̀wò àyíká pé ibẹ̀ kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ní òjé lára nígbà náà. Ìmọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn ló di ìjà. Wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa ní 2014. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.3 owó ṣílè Kẹ́ńyà fún àwọn ará àdúgbò náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2024 lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ mìíràn ti yí i dànù. Ìwé kò fọ ẹ̀jẹ̀, àmọ́ òun ló jẹ́ ká mọ ẹni tí yóò sanwó fífọ̀ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni abala kan tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Òfin FOI ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè rán ẹlòmíràn lọ béèrè fún òun. Ó tún ní ènìyàn lè fi ẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé ẹnu yẹn gbọ́dọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ní Ògijo lè wọ ọ́fíìsì OGEPA kó sì fi Yorùbá Rẹ́mọ béèrè ohun tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti ń hù. Òfin mọ̀ ọ́n. Òun ni kò mọ òfin, nítorí pé láti 2011, a kò rí i kí wọ́n lẹ abala yẹn mọ́ ògiri ọjà tàbí ilé ìwòsàn ní èdè tó ń sọ.

Bí mo bá ní láti fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn olùkọ́ ní Likosi níṣẹ́ kan ṣoṣo, òun nìyí: kí wọ́n kọ ìwé kan tí kò ju ojú ewé kan lọ. Kí ó dárúkọ ìwé mẹ́rin: àyẹ̀wò àyíká tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀, àbájáde àbẹ̀wò àwọn aláṣẹ, àti ìdí tí wọ́n fi ṣí àwọn tí wọ́n ti pa. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí NESREA, ọ̀kan sí OGEPA, ọ̀kan sí Ṣàgámù. Kí wọ́n gba òǹtẹ̀ tó fi ọjọ́ hàn sórí ẹ̀dà tiwọn, kí wọ́n sì máa ka ọjọ́. Bí ìdáhùn bá dé, kí wọ́n kà á sókè ní ọjà. Bí kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí wọ́n kà á sókè ní ọjà bẹ́ẹ̀ náà pé kò dé, kí wọ́n sì dárúkọ ọ́fíìsì tí kò dáhùn.