Ẹ Má Gé Gbalasa Sọnù

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló ń da àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn láàmú: space. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí pe ibi tí wọ́n ń rán sátẹ́láìtì lọ, wọ́n tún fi ń pe ibi ìgbọ́kọ̀sí àti àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àyè. Bí èrò bá kún mọ́tò Adó sí Ìjàn, a ní àyè ò sí mọ́. Bí wọ́n bá pè wá sípàdé tí iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn, a ní a ò ráyè. Ìjókòó ni ti àkọ́kọ́, àkókò ni ti èkejì. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bá sì sọ fún pé "I need space", kó má lọ ra ilẹ̀ o! Ohun tó ń wí ni pé, "Fi mí sílẹ̀ ná, jẹ́ n sinmi."

Síbẹ̀, àwọn kan ń fẹ́ ká máa pe ibi tí sátẹ́láìtì ń lọ ní àyè. Ẹ kọ ọ́ láìfàmì sí i, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ti ń ṣe: "irinajo si aye". Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n tún ń lọ yẹn!

Ọ̀run ńkọ́? Lóòótọ́, ojú ọ̀run ni òṣùpá àti ìràwọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ọkùnrin kan ti rìnrìn-àjò lọ sọ́run, kí ẹ wo bí ìyá rẹ̀ á ṣe sunkún.

Ó wá ku òfurufú. Ó ti pẹ́ nínú ìwé wa. Ó wà ní orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì nínú Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bàlúù ti gbà á. Ọkọ̀ òfurufú ni bàlúù, pápákọ̀ òfurufú ló ń balẹ̀ sí. Bàlúù èrò kì í sábà ga ju kìlómítà 12 lọ, torí afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyẹ́ rẹ̀ dúró.

Ẹ wá wo Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì tí FUTA ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa níbí, bá àwọn ará Japan ṣe. Àpótí kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró, 10 ní ìbú. Oṣù kẹfà 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e láti Florida. Lóṣù keje, wọ́n tú u sílẹ̀ láti ibùdó àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yípo ayé ní nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè. Afẹ́fẹ́ tó lè gbé bàlúù ò sí níbẹ̀. Bí oníròyìn bá wá ní "wọ́n gbé e lọ sí òfurufú", ọmọ iléèwé á rò pé bàlúù ló gbé e. Ta ló máa bá a wí?

Gbalasa òfurufú ni àwọn tó mọṣẹ́ ń pè é, mo sì fara mọ́ ọn. Gbalasa ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí ni pé bí àkọlé bá gùn jù, gbalasa gan-an ni wọ́n ń gé sọnù. Òfurufú ni kí wọ́n gé! "Sátẹ́láìtì Àkúrẹ́ dé gbalasa": ta ni kò ní yé? Bàlúù èrò kankan ò dé gbalasa rí.