Òru Méjì Nínú Château Kan ní Touraine

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Faransé tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú: hôte. Ẹni tí ó gba àlejò, hôte ni. Ẹni tí wọ́n gbà lálejò, hôte náà ni. Èdè Yorùbá kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Onílé wà lọ́tọ̀, àlejò wà lọ́tọ̀, ojúṣe ọ̀kan kì í sì í ṣe ti èkejì. Inú ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni hôtel ti wá. Láyé àtijọ́, ilé ńlá tí ọlọ́lá kan ń gbé láàárín ìlú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣì fi ń pe ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú ní hôtel de ville títí di òní, bí kò tilẹ̀ sí ibùsùn kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò ní oṣù kẹwàá tó kọjá, níwájú ilẹ̀kùn château kan ní ìgbèríko Touraine, níbi tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi jókòó sí lórí ẹrù wa fún ìṣẹ́jú 25, tí a ń wò ó bóyá onílé yóò jáde.

Àwọn ọmọ wa méjì tí ń ṣiṣẹ́ ní Paris ni wọ́n da owó jọ, pé kí a fi òru méjì níbẹ̀ ṣe àjọ̀dún ogójì ọdún tí a ti jọ wà. Òru kan jẹ́ 400 yúrò. Bí a bá ṣírò òru méjèèjì sí owó sẹ́fà, ní 655,957 fún 1,000 yúrò, ó lé ní 524,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000. Iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá, nígbà náà, ni a sùn lé lórí. N kò sọ èyí láti fi bá àwọn ọmọ wí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ yẹ́ òbí rẹ̀ sí kì í ṣírò bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ nítorí pé ilé tí ó bá ń gba irú owó yìí ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà ni mo sì fẹ́ ṣe níhìn-ín, láìdárúkọ ilé náà.

Kí a kọ́kọ́ tún ìtumọ̀ kan ṣe. Nínú kíláàsì wa a máa ń túmọ̀ château sí ààfin. Kò péye. Ilé ọba ni ààfin, ẹni tí ó bá sì wọ ààfin Alákétu mọ ẹni tí ó fẹ́ kí. Château lè jẹ́ ilé ọba, bíi Chambord tí François kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1519, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ ilé olódi fún ogun, tàbí ilé ìjòyè kékeré, tàbí ilé oníṣòwò tí ó lówó tí ó sì fẹ́ kí a máa rò pé ìjòyè ni òun. Ní agbègbè Bordeaux, oko àjàrà lásán a máa jẹ́ château. Àwọn tí ó lókìkí lẹ́bàá odò Loire, bíi Chenonceau tí ó dúró lórí odò Cher bí afárá, ni a máa ń rí nínú ìwé. UNESCO kọ apá kan àfonífojì odò náà sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n àìmọye àwọn kéékèèké mìíràn ló wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé.

Ọ̀kan nínú wọn ni tiwa. Kò dàgbà ju ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. Ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì kò rí ogun rí, ẹ̀yìn ìgbà tí ogun ti fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilé náà lẹ́wà láti òkèèrè: òkúta funfun, òrùlé dúdú, ọ̀nà gígùn láàárín igi méjì-méjì. Ohun tí mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwé ìpolówó wọn tí ó ṣèlérí pé a ó gbé bí ọba. Ọba wo? Lára ògiri àtẹ̀gùn, wọ́n gbé àwòrán ènìyàn mẹ́fà kọ́, àwọn ọkùnrin onírun funfun àti àwọn obìnrin tí ó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Mo bi òṣìṣẹ́ tí ó mú wa gòkè léèrè orúkọ wọn. Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n, pé láti ọjà ohun àlòkù ní Tours ni wọ́n ti rà wọ́n. Ó sọ ọ́ láìtijú, mo sì fẹ́ràn òtítọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra baba ńlá ẹlòmíràn lọ́jà, tí ó gbé e kọ́ sílé, oríkì wo ni yóò kì í?

A padà sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà ni ó ṣílẹ̀kùn fún wa nígbẹ̀yìn. Ó béèrè orúkọ wa, ó béèrè káàdì báńkì, lẹ́yìn náà ni ó kí wa. Ní ilé àwọn òbí wa, àlejò kì í sọ iṣẹ́ tí ó bá wá kí omi tó kan ètè rẹ̀. Omi wà níhìn-ín náà. Ìgò rẹ̀ wà lórí tábìlì yàrá, iye rẹ̀ sì wà lára páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ ọrùn rẹ̀: 6 yúrò. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà níbí: àlejò ni ó san gbèsè náà, ojú rẹ̀ kòró-kòró ni wọ́n sì ti gbà á.

Yàrá náà kò sí nínú château. Mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kí wọ́n ka irú ìwé ìpolówó bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ewì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Lókè ìwé náà wọ́n kọ pé "séjour au château", wọ́n sì fi àwòrán ilé gogoro sí i. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ iye owó sí, ọ̀rọ̀ náà yí padà di "chambre du domaine". Domaine ni gbogbo ilẹ̀ náà pátá, igbó, ọgbà, àti ilé ẹṣin. Ilé ẹṣin àtijọ́ ni wọ́n fi wá sí, ní nǹkan bí 150 mítà sí ilé ńlá, ojú fèrèsé wa sì kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Kò sí irọ́ kankan nínú ìwé náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ èdè rẹ̀ dáadáa, ọgbọ́n èdè náà sì ni ìṣòro.

Ìsàlẹ̀ ògiri ni mo pẹ́ sí jù. A wọlé, òórùn aṣọ tí ó ti bu ni ó pàdé wa. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àtijọ́ ní agbègbè yẹn ni wọ́n ń pè ní tuffeau. Ó funfun bí ẹfun, ó rọ̀ débi pé ayùn lè gé e, ìyẹn ni àwọn agbẹ́kùúta fi fẹ́ràn rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kò pamọ́: ó ń fa omi láti inú ilẹ̀ sókè bí òwú fìtílà ti ń fa epo. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kọ́lé mọ èyí. Chaux ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, ìyẹn òkúta ẹfun tí a sun tí a sì fi omi pò, nítorí pé chaux a máa jẹ́ kí omi tí ògiri fà rí ọ̀nà jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó sọ ilé ẹṣin yìí di yàrá àlejò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó ń gòkè lábẹ́ sìmẹ́ǹtì títí ó fi dé ibi tí sìmẹ́ǹtì parí sí, ní ìwọ̀n èjìká ènìyàn. Níbẹ̀ ni ọ̀dà ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fi ìka kan án. Òkúta abẹ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Wọ́n ti fa àga ńlá kan síwájú ibi tí ó burú jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Àjàṣẹ́ gidigidi. Àwọn ilé Àgùdà wa, tí àwọn tí ó ti Brazil padà wá àti àwọn ọmọ wọn kọ́, amọ̀ ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú ògiri wọn. Terre de barre ni Faransé ń pè é. Láti inú barro, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí fún amọ̀, ni ó ti wá. Ẹ rìn ní àdúgbò àtijọ́, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo amọ̀ yìí, pé kí ilé lè lágbára. Sìmẹ́ǹtì a ya, òjò a gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ a máa rọ̀ lẹ́yìn ohun tí ojú ń wò pé ó le. Àbùkù ilé ẹṣin Touraine gan-an nìyí. A ń gbọ́ ọ léraléra báyìí pé kí a sọ àwọn ilé wọ̀nyí di ilé àlejò kí wọ́n má baà wó. Èmi kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó pe bíríkìlà tí ó mọ amọ̀ kí ó tó ra ibùsùn.

Òtútù yẹn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Irin amúlégbóná wà lára ògiri, kò gbóná. Wọ́n ní wọn kì í tan án kí oṣù kẹwàá tó parí. Wọ́n fún wa ní bùláńkẹ́ẹ̀tì kan sí i.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gùn díẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n kó ìwé oúnjẹ wá. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi ṣàpèjúwe kárọ́ọ̀tì: ọgbà tí wọ́n ti hú u, ìyọ̀ tí wọ́n fi pa á lára, èéfín tí ó gbà kọjá, ìrántí tí ó yẹ kí ó mú wá. Kárọ́ọ̀tì náà dé. Ọ̀kan ni. Ìyá àwọn ọmọ mi wò ó, ó ní oríkì rẹ̀ ti ga jù ú lọ. Èmi kì í bá oúnjẹ díẹ̀ jà bí ó bá dùn, ṣùgbọ́n ẹja tí ó tẹ̀ lé e ti tutù kí ó tó la àgbàlá kọjá láti ilé ìdáná. Nígbà tí a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, olùdarí fi ìgò ọtí wáìnì kan tọrọ àforíjì. A dúpẹ́, a ní a kì í mu ọtí. Ó dà bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn nínú ilé náà tí a lè fi tọrọ àforíjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ilé oúnjẹ wà ní títì. Àìkú ni, ní ìgbèríko Faransé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ni kì í ṣí ní alẹ́ Àìkú, ìyẹn kò yani lẹ́nu. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń sanwó fún alẹ́ Àìkú náà. Abúlé tí ó súnmọ́ wa jù jìnnà tó kìlómítà mẹ́fà, a kò sì ní ọkọ̀. Gàrí àti kúlíkúlí tí a kó wá fún àwọn ọmọ-ọmọ wa ni a tú, a fi omi olówó 6 yúrò rẹ gàrí náà nínú ife ìfọyín. Mo lè jẹ́rìí pé òun ni ó dùn jù nínú gbogbo oúnjẹ alẹ́ tí a jẹ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti rere pẹ̀lú. Oúnjẹ òwúrọ̀ dára. Wọ́n gbé wàràkàṣì ewúrẹ́ kan wá, Sainte-Maure de Touraine, gígùn bí ìka méjì tí a tò, pẹ̀lú igi koríko kan tí ó la àárín rẹ̀ já. Ìyá àwọn ọmọ mi, tí ó dàgbà sórí wàràkàṣì àwọn Fúlàní, bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Igi kédárì kan sì wà lẹ́yìn ilé tí ẹ̀ka rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ó tó àgbàlá ilé-ìwé. Bàbá kan tí ń gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ó rí wa, ó ṣí fìlà, ó kí wa, ó ní bàbá òun náà ti tọ́jú igi yìí rí, ó sì fi ibi tí àrá ti ya ẹ̀ka kan hàn wá. Òun nìkan ni a rí tí ó mọ ìtàn kan nípa ibẹ̀ tí wọn kò rà lọ́jà.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà ni mo ń bá wí. Òun kan náà ni ó gbé ẹrù wa, òun ni ó gbé kárọ́ọ̀tì wá, òun ni a bá ní aago méje òwúrọ̀ tí ó ń to búrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí ilé kan bá gba 400 yúrò lóru kan tí ó sì fi gbogbo ìgbàlejò lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, olówó ilé ni ó yẹ kí a bi léèrè. Ìràwọ̀ mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àjọ tí ń jẹ́ Atout France ni ó ń fi orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú ìwé lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìràwọ̀ náà sì wà fún ọdún márùn-ún. Ohun tí ó ṣeé kà ni wọ́n ń kà jù, ìwọ̀n yàrá, ohun èlò, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àlejò. Ọdún márùn-ún gùn fún ògiri tí ń mu omi.

Ní ọjọ́ Ajé, nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé wa padà sí Paris, àwọn ọmọ pè. Wọ́n fẹ́ mọ bí ó ti rí. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́ tí kò sì ní dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá wọn ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó sọ fún wọn nípa igi kédárì náà, ó sọ̀rọ̀ wàràkàṣì, ó béèrè ibi tí òun ti lè rí i rà ní Paris, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n má bínú, pé gàrí àwọn ọmọ ti dín kù díẹ̀.