Ìgbì Òkun àti Ẹ̀rí Inú Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán Turner Kan

Kí ni lámèyítọ́ ní lọ́kàn nígbà tó bá sọ pé ìgbì inú àwòrán jọ òótọ́? Àwòrán ọkọ̀ akẹ́rú tí J. M. W. Turner, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1840 ni a ó fi yẹ ìbéèrè yìí wò. Museum of Fine Arts ní Boston ni ó wà báyìí.

Oòrùn tó ń wọ̀ wà láàárín àwòrán náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí òpó, ó sì la òkun sí méjì. Turner kò fi ìlà yí ìgbì kọ̀ọ̀kan ká. Ọ̀dà pupa, ti ìyeyè àti ti eérú ni ó lé lórí ara wọn, débi pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ojú kò mọ ààlà omi àti òfuurufú mọ́. Ìdààmú ojú yìí gan-an ni ìjì náà.

Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ènìyàn dúdú kan yọ lójú omi pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹja àti ẹyẹ òkun pagbo yí i ká. Ẹ̀wọ̀n irin ń léfòó. Mark Twain wà lára àwọn tó fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí irin kì í léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wọ̀n náà bá rì, kí ni yóò jẹ́rìí pé ẹrú ni ẹni tó ń kú, pé ńṣe ni wọ́n jù ú sómi? Ní 1781, àwọn atukọ̀ Zong ju ènìyàn tó lé ní 130 sókun, àwọn olówó ọkọ̀ sì béèrè owó adójútòfò lórí wọn bí ẹrù tó sọnù. Turner tẹ òfin omi lójú kí ẹ̀rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ má baà rì.

John Ruskin, ẹni tí àwòrán náà di tirẹ̀ ní 1844, ti fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàpèjúwe ìgbì rẹ̀ nínú ìwé kan ní 1843. Ó pe ọkọ̀ náà ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n inú àlàyé kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé ni ó ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè mọ̀ pé ibi tí a fi ọ̀rọ̀ sí jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀. Ruskin fi ìgbì ṣe olórí ọ̀rọ̀, ó sì fi òkú ṣe àfikún. Turner kò ṣe bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ ni ó gbé sí ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ náà ni ó gbé sún mọ́ wa.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń fi àwòrán yìí kọ́ àwọn ọmọ wa, tí àwọn baba ńlá wọn pàdánù ẹbí sí òkun kan náà, ẹsẹ̀ yẹn ni kí a kọ́kọ́ tọ́ka sí, kí a tó dé orí ìmọ́lẹ̀.